Rífíù KMC: gbígbé ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé sáyà dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ fún ìyá ní bẹ́ẹ̀dì

Tí ẹ bá bí ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, tàbí tó kéré gan-an, tí nọ́ọ̀sì wá ní kí ẹ gbé e sáyà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì rò pé wọ́n ń tan yín torí pé wọn ò ní ẹ̀rọ. Ẹ gbé e. KMC ni gbogbo wọn ń pè é lọ́sibítù, kangaroo mother care ni wọ́n gé kúrú. Mo fẹ́ ṣe rífíù ẹ̀ kúnná torí lóru tí mò ń wá àlàyé kiri lórí fóònù, òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, èyí tó bá sì jẹ́ Yorùbá níbẹ̀, ẹni tó ń ta àgbo ọmọ ni. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù kankan o, ìtọ́jú yẹn gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ibi tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ àti ibi tó bí mi nínú, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló máa bá méjèèjì pàdé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á bọ́ aṣọ ọmọ, á ku pámpásì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ìyá á ṣí àyà ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ lóòró sáàárín ọmú méjèèjì, àyà ọmọ á kan àyà ìyá, wọ́n á ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kí orúnkún là sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yí orí ẹ̀ sápá kan, kí wọ́n sì gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀, torí tí ọrùn ọmọ kékeré bá tẹ̀ síwájú afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá. Wọ́n á wá fi ọ̀já dì í, kí etí ọ̀já dé abẹ́ etí ọmọ, kó le débi pé tí ìyá bá dìde ọmọ ò ní yọ̀, kó má sì le jù kí ikùn ọmọ lè máa gbéra bó ṣe ń mí. Ìyá á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì níwájú lé gbogbo ẹ̀. Tó bá fẹ́ sùn, wọ́n á gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, kò ní sùn gbalaja, orí ẹ̀ á ga díẹ̀. Ìyẹn náà ni, kò sí wáyà, kò sí NEPA.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa tèmi. Ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi wú, àwọn èèyàn ń sọ pé ọmọkùnrin ló máa ń jẹ́ kí aboyún wú báyẹn, àmọ́ orí ń fọ́ mi, kò lọ, ojú mi sì ń ṣú. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó dìde lọ pe dókítà. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ maginíṣíọ̀mù sí ìdí, ó ta mí dé eegun, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí gìrì mú aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ru. Wọ́n tún fún mi ní dexamethasone, ìyẹn torí ọmọ, kí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè tètè gbó kó tó jáde. Ẹ̀yin aboyún tó ń ka èyí, tí orí bá ń fọ́ yín tí ò lọ, tí ojú ń ṣú yín, tí òkè ikùn lápá ọ̀tún ń ro yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì, ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ọmọbìnrin, 1.4 kg. Ìgò omi ńlá tí ẹ ń rà ní títì, èyí tó gba lítà kan àti ààbọ̀, wúwo jù ú lọ. Ọsibítù àdáni ni, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ yẹn dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ínkúbétọ̀, àpótí oníná tó ń mú ọmọ gbóná, ni ìṣòro. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, NEPA mú iná lóru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n ń fà á wọ́n ń fà á, nígbà tí iná máa fi dé, ẹsẹ̀ ọmọ mi ti tutù rinrin. Ọmọ tuntun, ooru ara ẹ̀ yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5. Tèmi ò tó 35. Wọ́n kọ rẹ́fáràlì fún wa sí ọsibítù ìjọba.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, kékeré ni, Ọlọ́run má jẹ́ kó fojú sunkún ọmọ láyé. Òun ló sọ fún àbúrò mi pé, "Àǹtí, ẹ tú bọ́tìnnì yín, ẹ gbé e sínú àyà yín, ẹ fi ìborùn bò ó, ẹ má ṣí i títí ẹ ó fi débẹ̀." Àbúrò mi ò tíì bímọ rí o. Bó ṣe gbé e nínú mọ́tò nìyẹn, nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, tó ń gbàdúrà tó sì ń fi ìka wo imú ẹ̀ bóyá ó ń mí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n ti tẹmọ́mítà bọ abíyá ẹ̀, ara ẹ̀ ti gbóná ju bó ṣe wà nínú ẹ̀rọ yẹn lọ. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wò ó nìyẹn. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé ò lọ́ràá lára, ooru ń fi í sílẹ̀ ṣáá, tí òtútù bá sì ti mú un, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á lọ sílẹ̀, mímí á di wàhálà, ohun kan á máa fa òmíì. Àyà èèyàn kì í tutù bí iná bá lọ.

Nǹkan mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yìí máa ń gbàgbé láti mí. Bẹ́ẹ̀ ni o, á kàn dákẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ká fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹ̀, tàbí ká fi ìka ta á látẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wà láyà, bí àyà ìyá ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, tí ọkàn ìyá ń lù kì kì kì sí i létí, ó máa ń rán an létí. Ìgbà tó wà nínú àpótí, mo máa ń rí i tó ń dákẹ́. Ìgbà tó dé àyà mi ó dín kù gan-an, nọ́ọ̀sì náà rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀.

Ibi tó bí mi nínú ló kù yìí. Nígbà tí èmi náà fi máa dé ọsibítù ìjọba yẹn, pẹ̀lú ojú abẹ nínú, wọ́n gbé mi sí wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ mi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ kéékèèké ní ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn wà láàárín wa. Wọ́n ní àfi tí ara ẹ̀ bá balẹ̀ dáadáa ni mo tó lè gbé e sáyà. Tó bá tó àkókò oúnjẹ ẹ̀ màá di ikùn mi mú, màá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá fún ọmú sínú ife, wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín tó gba imú ẹ̀ lọ sínú ikùn fún un, mo tún máa gòkè. Lóru, àwa ìyá tí wọ́n ti yọ lórúkọ ní wọ́ọ̀dù, orí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀ là ń sùn. Àwọn kan tẹ́ ìró sílẹ̀. Ẹ̀fọn ń jẹ wá. Obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì ń ru bíi tèmi sùn sórí síméǹtì, kò sẹ́ni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ torí pé ó ti di àlejò, ọmọ ẹ̀ nìkan ni pésẹ́ǹtì. Ẹ bá mi wò ó. Obìnrin tí gìrì ṣì lè mú lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ń pè ní àlejò.

Ohun tó jẹ́ kí inú bí mi jù ni ohun tí mo wá kà lẹ́yìn náà. KMC kì í ṣe ohun tuntun, Bogotá ní Kòlóńbíà ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978. Dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey, wọ́ọ̀dù ẹ̀ kún fọ́fọ́, ínkúbétọ̀ ò tó, ọmọ ju ẹyọ kan lọ ń wà nínú ọ̀kan, àrùn ń ràn láti ara èyí sí ìyẹn, ló bá ní kí àwọn ìyá gba ọmọ wọn sáyà. Ẹni bá ti wọ ọsibítù ìjọba wa lẹ́nu àìpẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí mò ń wí yẹn dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ara ọmọ fìdí múlẹ̀ ná kí ìyá tó gbé e. Ó wá di ọdún 2021, èsì ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tansaníà àti Nàìjíríà, ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà? Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní yunifásítì OAU, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀bùnolúwa Adéjuyìgbé wà lára àwọn tó ṣe é. Ọmọ 3,211 ni, gbogbo wọn ò tó 1.8 kg. Wọ́n gbé ìdajì sáyà kíá lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn, wọn ò dúró de kí ara balẹ̀. Ìdajì yòókù, ẹ̀rọ kọ́kọ́ ná, àyà di ìgbà tó bá yá. Nínú 100 àwọn tó dúró de ìgbà tó bá yá, bíi 16 ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Àwọn tó tètè dé àyà, 12. Wọ́n dá ìwádìí yẹn dúró kó tó parí torí kò dáa kí wọ́n máa fi ohun tó ń gba ẹ̀mí là du àwọn ọmọ yòókù.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wọ inú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó le jù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ń gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń wo ojú abẹ ẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí ọmọ wà láyà ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń lo bíi wákàtí 17 láyà lójúmọ́, tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Lọ́dún 2022 WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà yí ọ̀rọ̀ wọn padà, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tàbí tó kéré bẹ̀rẹ̀ KMC ní kété tí wọ́n bá ti bí i, wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Ìlú tó wà nítòsí wa wà lára ibi tí wọ́n ti fi hàn gbogbo ayé, àwa ṣì ń sùn sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé KMC dáa torí pé kì í náni lówó, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ń náni lówó: bẹ́ẹ̀dì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oúnjẹ, ilé ìwẹ̀ tó mọ́, nọ́ọ̀sì tó tó. Tí ìjọba bá lè ra ínkúbétọ̀ tí kò ní iná, ó lè ra bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí wọ́n wá gbé wa wọ yàrá KMC fúnra ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀tọ̀ ni. Yàrá kékeré ni, bẹ́ẹ̀dì mélòó kan, àga oníke, kọ́tínnì tó ti ṣá, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sùn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ le lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ lára ọmọ. Ó ń kọ́ wa ní ohun kan náà léraléra, kò sú u: ẹ fọ ọwọ́, ẹ tún fọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí àlejò tó ń wúkọ́ sún mọ́ ọn. Oje ọmú àkọ́kọ́, èyí tó pupa díẹ̀ tó sì ki, tí àwọn kan máa ń fún dànù, ó ní ìkán kan ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò, a sì ń fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fà á lẹ́nu ọmú. Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá a nínú ife kékeré, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmú fúnra ẹ̀ níbi tó wà láyà, ó ń fi ẹnu ẹ̀ kékeré yẹn wá a kiri.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ. Gbogbo wa á ti jí, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á gbé ọmọ lé e ní ìhòòhò, nọ́ńbà á máa sáré, á dúró. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tèmi fọn sí i, ó wá sí 1.3, mo sunkún, wọ́n ní gbogbo ọmọ tuntun ló ń fọn ná. Nígbà tó bá wá gba gíráàmù ogún péré, gbogbo yàrá á pàtẹ́wọ́, ìyá tí ọmọ tiẹ̀ ò gbà náà á pàtẹ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú òrí àti omi gbígbóná nínú fíláàsì. Wọ́n wo ọmọ láyà mi, wọ́n ní, "Ha! Ìhòòhò? Ṣé òtútù ò ní pa á? Ẹ̀yìn kọ́ la fi ń pọnmọ ni?" Nọ́ọ̀sì àgbà ò bá wọn jiyàn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú orí ire. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ wá fi kàn án." Wọ́n fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ lábẹ́ ọ̀já, ó gbóná wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ní kí n lọ wẹ̀ kí n sì jẹun, wọ́n gba ọmọ sáyà tiwọn, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nìyẹn. Ẹ gbọ́, ìyá nìkan kọ́ ló lè ṣe é, bàbá lè ṣe é, ìyá àgbà lè ṣe é. Ọkọ mi fẹ́ ṣe é, àwọn sikiọ́rítì ò jẹ́ kó wọlé, wọ́n ní obìnrin ń tú àyà sílẹ̀ nínú ibẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kọ́tínnì tó dáa máa yanjú ẹ̀, kí wọ́n sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn bàbá.

KMC ò lè ṣe gbogbo nǹkan, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi ò dúró, àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, ìyá ẹ̀ gbé e láyà títí dé òpin. Ìwádìí ìjọba ti 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé. Àwọn ọmọ mìíràn nílò ọ́síjìn, àwọn mìíràn nílò oògùn àrùn, iná búlúù fún èyí tí ibà pọ́njú bá mú. Ọmọ mi náà dé abẹ́ iná yẹn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bi mí bóyá mo fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sí i o, àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba òórùn káńfọ̀, ó lè jẹ́ kí ojú àti ara wọn pọ́n débi tó máa ba ọpọlọ jẹ́.

Ní ti owó, àyà ò ní bíìlì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka owó bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, oògùn tí kò sí ní ọsibítù, ìta la ti ń rà á, oúnjẹ ìyá, ilé ló ti ń wá. Obìnrin tó ń gbé ọmọ láyà tọ̀sántòru ò lè dáná, ẹni tí kò bá ní èèyàn, ebi á mú un, wàrà á sì dín kù. Mo rí ẹni tí dókítà ti ní kó máa lọ tí kò lè lọ torí bíìlì. Ìtọ́jú náà, mo fún un ní 5 nínú 5. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá tó ń ṣe é, 2 ni, torí nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ló fi pé 2.

Ẹni tí oyún ẹ̀ bá léwu, ẹ bi wọ́n ní kíníìkì láti ìsinsìnyí: ṣé ẹ ní yàrá KMC? Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá bí i? Ibo ni èmi máa sùn? Ẹ di ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì mélòó kan sínú báàgì yín, ọ̀já méjì tó rọ̀, fìlà ọmọ tó kéré gan-an, ife kékeré tó lómorí, nẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ ṣì máa gbé e láyà nílé, tiwa ṣe é títí ó fi ń súnmọ́ 2.5 kg tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tì mí pé òun ò fẹ́ mọ́. Ẹ má sì pa ọjọ́ kíníìkì jẹ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa wọn ọmọ, kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò pàápàá tó bá lo ọ́síjìn, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, kí ẹ̀yin náà sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín níbẹ̀ kí ẹ tó dìde.